Onígbàjámọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Lórúkọ

Demarius Fontenot, ẹni ọdún méjìlélógún, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin ní Yunifásítì Kessler ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ni wọ́n dá dúró lọ́sàn-án Ọjọ́rú pé kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Kò jalè. Kò lu ẹnikẹ́ni. Kò mutí yó, kò sì fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Irun òkè ojú ọkùnrin kan tó ń ta katakata ló gẹ̀, ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ní Kessler, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìlú náà kò tóbi, oko àgbàdo ló yí i ká, ṣùgbọ́n pápá ìṣeré yunifásítì ibẹ̀ gba èèyàn tó ìlọ́po mẹ́ta àwọn tó ń gbé ìlú náà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí bọ́ọ̀lù bá wà nílé, ilé ìtajà á tì, wọ́n á sún ìsìnkú síwájú, ẹni tó bá sì lóun fẹ́ gbéyàwó lóṣù kẹwàá, àwọn ẹbí rẹ̀ á bi í bóyá ara rẹ̀ dá.

Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí wọ́n sì ń fi ara dènà ara wọn; apá òsì ìlà iwájú ni Demarius máa ń dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan Colby Tuck, ọmọkùnrin tó ń ju bọ́ọ̀lù. Òun fúnra rẹ̀ kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù náà. Ó ga, ó sì fẹ̀. Bó bá wọ yàrá, yàrá á dà bí ẹni pé ó sún kì. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri pápá, ó ga tó ilé alájà mẹ́ta. Ó wà lára ife ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ń tà lábẹ́ ògiri náà. Aṣọ tó ní nọ́ńbà rẹ̀, 74, wà nílé ìtajà yunifásítì, ti àgbà, ti ọmọdé, àti ti ajá. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò sí lára aṣọ náà. Bí yunifásítì ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ni pé ilé-ìwé ló ni nọ́ńbà, Demarius ló ni orúkọ, ohun tó bá sì jẹ́ ti Demarius kò gbọdọ̀ di títà, kí owó má baà ba ọmọ náà jẹ́.

Houma ní Louisiana ni wọ́n bí i sí, létí omi. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ìyá rẹ̀, Odile, ń bó edé ní ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀, iṣẹ́ ìdúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, títí egungun ìbàdí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Àbúrò ìyá rẹ̀, Alcide, onígbàjámọ̀, ló kọ́ Demarius níṣẹ́ ọwọ́. Kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró sí ìlà iwájú, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń la etí irun kó tọ́ bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí àwọn ará Kessler lọ fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án wá láti Houma, wọ́n sọ fún un nípa ilé ìkàwé, nípa oúnjẹ, nípa ìdílé ńlá tí ẹgbẹ́ náà jẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kò sí onígbàjámọ̀ kankan nílùú náà tó mọ irú irun rẹ̀ gẹ̀. Stan Petrik ni onígbàjámọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí Demarius kọ́kọ́ jókòó síwájú rẹ̀, Stan yí orí náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbà á nímọ̀ràn pé kó máa dé fìlà. Ni Demarius bá ránṣẹ́ sí Alcide pé kó fi ẹ̀rọ ìgẹrun àtijọ́ kan àti àlùmọ́gàjí kékeré kan ránṣẹ́ sóun. Ó ń gẹ irun ara rẹ̀ nínú yàrá ìfọṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo ọmọ dúdú inú ẹgbẹ́ náà fi ń tò síbẹ̀, àwọn òyìnbó sì tẹ̀ lé wọn. Ọ̀fẹ́ ni. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, kò sí òfin kankan tó ta ko ọ̀fẹ́.

Ìgbà ìwọ́wé ọdún yìí lọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Àṣà kan wà ní àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí: ní eré ìkẹyìn tí wọ́n bá gbá nílé, àwọn tó ń parí ẹ̀kọ́ á rìn lọ sáàárín pápá lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá àti ìyá wọn á di wọ́n lápá mú, wọ́n á pe orúkọ wọn, wọ́n á fún ìyá ní òdòdó. Ẹni tó bá nìkan rìn lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn máa ń pàtẹ́wọ́ fún un gan-an, ìpàtẹ́wọ́ àánú yẹn ni kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́. Odile kò tíì wá sí Kessler rí. Bọ́ọ̀sì láti Houma máa ń gba ọ̀sán kan, òru kan àti ọ̀sán mìíràn, dókítà sì ti ní ìbàdí yẹn kò gbọdọ̀ jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú ló kù, owó rẹ̀ kò sì sí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún Demarius ń san owó ilé-ìwé, owó ibùsùn àti owó oúnjẹ. Kò ka ìyá mọ́ ọn.

Merle Dvorak, tó ń ta katakata ní ìhà àríwá ìlú, kọ́kọ́ ní òun á san án. Ó ti fún yunifásítì lówó rẹpẹtẹ rí, débi pé orúkọ rẹ̀ wà lára ilé ìwẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n sọ fún un pé òfin gbà á láyè láti kọ́ ilé ìwẹ̀ fún Demarius, àmọ́ kò gbọdọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyá rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí Demarius fi lọ bá Glenda Ostrowski. Òun ni ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń rí sí i pé gbogbo wọn ń tẹ̀ lé òfin àjọ tó ń ṣàkóso eré àwọn ilé-ìwé gíga. Obìnrin tó fẹ́ràn àwọn ọmọ náà dénú ni. Ìfẹ́ yẹn gan-an ló mú kó léwu. Lọ́dún tó ṣáájú, ó já bọ́tà gbà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń sáré, torí pé òfin gba kí ilé-ìwé fún un ní búrẹ́dì láàárọ̀, òfin kò sì dárúkọ bọ́tà.

"Ẹ káàsán, mà. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan."

"Demarius, ọmọ mi, àyà mi máa ń já bí o bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Jókòó. Rárá, kì í ṣe àga yẹn, ó máa ṣẹ́."

"Mo fẹ́ máa gba owó irun tí mò ń gẹ̀."

Glenda ṣí ìwé òfin rẹ̀, ìwé tó nípọn tó búlọ́ọ̀kù. "Iṣẹ́ kò burú. Òfin gba iṣẹ́. Ìwọ gan-an ni ìṣòro."

"Èmi?"

"Bí ẹlòmíràn bá gẹrun, irun ló gẹ̀. Bí ìwọ bá gẹ̀ ẹ́, wọ́n lè ní òkìkí rẹ lò ń tà. Torí náà, iye tí Stan ń gbà ni kí o gbà, kó má lé, kó má dín. Orúkọ rẹ kò gbọdọ̀ hàn níbẹ̀, àwòrán rẹ náà kò gbọdọ̀ hàn. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wá torí pé agbábọ́ọ̀lù ni ọ́."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ohun tó gbé wọn wá?"

"Bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà."

"Kí n ní kí ni?"

"Pé ṣé wọ́n mọ̀ ọ́."

Demarius wo ojú fèrèsé. Láti ibi tó jókòó, ó ń rí ara rẹ̀ lára ògiri pápá, alájà mẹ́ta, gbogbo eyín níta.

"Ṣùgbọ́n, mà..."

"Mo rí i. Máa lo ìbòmú."

Bó ṣe di pé onígbàjámọ̀ tí kò lórúkọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí yàrá ìfọṣọ nìyẹn. Àga kan wà láàárín ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì. Glenda jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìwé òfin lórí itan. Ọkùnrin tó tóbi jù ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wọ aṣọ funfun onígbàjámọ̀, ó fi aṣọ pénpé bo imú, ó ń bi àwọn èèyàn pé ṣé wọ́n mọ òun.

Gbogbo wọn ló ní rárá. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ní rárá, ó sì lanu tán láti béèrè nípa orúnkún rẹ̀ kí Glenda tó wúkọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí ní rárá lẹ́ẹ̀mejì, ìbéèrè ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì bi í. Pásítọ̀ Lindqvist nìkan lọ̀rọ̀ há lọ́nà.

"Ṣé ẹ mọ̀ mí, sà?"

"Demarius, o mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́."

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ ṣáà ní rárá."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wàásù lórí irọ́ pípa lọ́jọ́ Àìkú ni. Bó bá tiẹ̀ pẹ́ díẹ̀..." Ó fọwọ́ gba irun tó ti bo etí rẹ̀, ó sì gbé e padà sílé.

Owó ń wọlé, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Àwọn tó nírun ní Kessler kò pọ̀ tó. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù sí ọjọ́ ìrìn náà nígbà tí Merle Dvorak wọlé.

"Ṣé ẹ mọ̀ mí, sà?"

"N kò rí ọ rí láyé mi," ni Merle wí, ó sì lọ jókòó sórí àga.

"Merle," ni Glenda pè é láti kọ̀rọ̀, "fìlà yẹn ńkọ́?"

"Kí ló ṣe fìlà mi?"

"74 ló wà lára rẹ̀."

"Ọjọ́ orí bàbá mi nígbà tó kú ni." Ó ṣí fìlà náà. Orí rẹ̀ ń dán, kò sí okùn irun kan lórí rẹ̀.

"Merle Dvorak, kí ni wọ́n fẹ́ gẹ̀ níbẹ̀?"

"Èyí tó kù."

"Èwo ló kù?"

"Glenda, ó ti tó o. Má fi orí mi ṣẹ̀sín níwájú ẹni tí n kò mọ̀."

Demarius kì í gbowó iṣẹ́ tí kò ṣe. Ó yí àga náà síbi ìmọ́lẹ̀, ó wo orí ọkùnrin náà yípo, ó wo ọrùn, ó dé iwájú, ó dúró. Irun òkè ojú Merle ti di igbó. Ó ti ya sọ́tùn-ún, ó ti ya sósì, ó sì ti ń dí i lójú. Demarius gbé àlùmọ́gàjí kékeré Alcide, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń tọ́jú ìyẹ́ ẹyẹ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé díńgí síwájú Merle, Merle fi ìka kan tọ́ òkè ojú rẹ̀ wò.

"Bev ló máa ń bá mi gé e," ló wí níkẹyìn. Bev ni ìyàwó rẹ̀ tó ti ṣaláìsí. "Ẹnì kankan kò tíì fọwọ́ kàn án látìgbà náà."

Ó san dọ́là méjìlá, iye tí Stan ń gbà, kò fi kọ́bọ̀ kan lé e, ó sì jáde láìmọ ẹni tó gẹ̀ ẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Merle gbé ojú tuntun rẹ̀ lọ síbi tí àwọn àgbà àgbẹ̀ ti máa ń mu kọfí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìlà àwọn arúgbó ti gùn láti yàrá ìfọṣọ dé ẹnu géètì. Àwọn apárí ni wọ́n pọ̀ jù. Àwọn ọkùnrin tí kò tíì jẹ́ kí dókítà yẹ etí wọn wò rí jókòó, wọ́n gbójú sókè, wọ́n di ojú, wọ́n sì búra pé àwọn kò mọ ẹni tó ń mí lórí àwọn. Ní Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ìrìn náà, owó ọkọ̀ òfurufú Odile ti pé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Glenda pè é. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mo kọ̀wé sí àjọ. Ó yẹ kí n kọ ọ́, o mọ̀ pé ó yẹ. Mo bi wọ́n pé èló ni owó irun òkè ojú."

"Dọ́là méjìlá. Iye tí Stan ń gbà náà ni."

"Owó irun orí nìyẹn. Wọ́n pe Stan. Stan ní òun máa ń fi irun òkè ojú ṣe èènì ni, òun kì í gba kọ́bọ̀. Àjọ wá ní, níwọ̀n ìgbà tí owó rẹ̀ nílùú yìí kò ti ju òfo lọ, ẹ̀bùn ni gbogbo dọ́là méjìlá méjìlá yẹn. Wọ́n máa ṣèpàdé lé e lórí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlá. Ní báyìí ná, kí o dá a padà, kí o gbá bọ́ọ̀lù rẹ. Bí o bá ná an, o kò ní gbá a."

Nígbà tí Merle gbọ́, ó wakọ̀ wá láti ìhà àríwá. "Bó bá dá owó mi padà," ló wí, "ṣé á dá irun mi padà ni?" Glenda ní òun á kọ ìyẹn sí àjọ pẹ̀lú.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, Kóòṣì Haverkamp ránṣẹ́ pe Demarius. Owó tí wọ́n ń san fún kóòṣì lọ́dún kan tó ti gbogbo olùkọ́ ìtàn, olùkọ́ ìṣirò àti olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lápapọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ń san owó fún un pé kó wọ bàtà àwọn. Báńkì kan ń san owó fún un pé kó rẹ́rìn-ín lára pátákó.

"Jókòó, ọmọ mi. O mọ̀ pé ìdílé ni wá níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kóòṣì."

"Nínú ìdílé, a kì í mú ọ̀rọ̀ owó wọlé. Ìfẹ́ eré ló kó wa jọ. Dá owó àwọn bàbá yẹn padà. Bí a bá borí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta..." Ó gé ọ̀rọ̀ náà kúrú, torí àfikún owó kan wà nínú àdéhùn rẹ̀ bí wọ́n bá borí. "Bí a bá borí, inú gbogbo wa á dùn."

"Kóòṣì, ṣé ìyá yín ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?"

"Ìyá mi? Ìgbà wo ni kì í wá? Ọkọ̀ òfurufú ilé-ìwé ló máa ń lọ gbé e ní Tulsa. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, wọ́n máa ń fún un ní ẹ̀pà."

Demarius wo bàtà kóòṣì fún ìgbà díẹ̀. "Ó dáa, Kóòṣì."

"O ti mọ ohun tí o máa ṣe?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n."

Eré ìkẹyìn rẹ̀ ni. Kò sí ẹgbẹ́ olówó tó ń dúró dè é. Orúnkún rẹ̀ ti sọ ìyẹn fún un látọdún tó kọjá. Bó bá bọ́ aṣọ náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò tún ní wọ̀ ọ́ mọ́ láé. Ó rò ó láti ọ́fíìsì kóòṣì dé ilé oúnjẹ, ó jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà àti búrẹ́dì aládùn tí wọ́n máa ń gbé fún wọn lọ́jọ́rú, kò sì mọ̀ pé òun ti jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó sì ti ibẹ̀ lọ tààrà sí ọ́fíìsì Glenda.

"Má sọ fún mi," ni Glenda wí nígbà tó rí ojú rẹ̀. "Mo bẹ̀ ọ́. Di Ọjọ́ Ajé."

"Mo ti ná an, mà."

Glenda tẹ ìwé ìdádúró náà jáde, ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló tún fa ìwé òfin súnmọ́ra, ó ń ṣí i láti iwájú sẹ́yìn, láti ẹ̀yìn síwájú. Demarius rò pé ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ló ń wá.

"Kò sí níbí," ló wí. "Wọn kò kọ ọ́ síbì kankan pé ẹni tí wọ́n dá dúró kò gbọdọ̀ bá ìyá rẹ̀ rìn. Ìrìn kì í ṣe eré." Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ wọ 74. Ti àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni. Èmi náà kò sì gbọdọ̀ lọ gbé ìyá rẹ ní pápákọ̀ òfurufú Omaha, ẹ̀bùn ni wọ́n máa pè é. Merle náà kò gbọdọ̀ lọ."

Colby Tuck ló gbà láti lọ, torí òfin kò ta ko kí agbábọ́ọ̀lù ran agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́.

"Ṣé ọkọ̀ rẹ yìí á dé Omaha?" ni Demarius bi í.

"Bí kò bá dé, ìwọ á tì í. Jẹ́ kí n wakọ̀ nígbà tí mo ṣì lè wà á, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ tó máa dúró sípò rẹ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo rí i lánàá, ó ń bẹ̀rù ìró fèrè."

Demarius pe Houma. "Màmá, tíkẹ́ẹ̀tì ti wà o. Àmọ́ n kò ní gbá bọ́ọ̀lù."

"Ta ló ní bọ́ọ̀lù ni mò ń bọ̀ wá wò?" ni Odile wí. "Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń wò yín nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń yà, n kì í rí ọ. Ṣé òtútù pọ̀ níbẹ̀?"

"Ó pọ̀, Màmá."

"Alcide ní kí n bi ọ́ bóyá o ń fi epo sí ẹ̀rọ òun."

Lọ́jọ́bọ̀, ṣọ́ọ̀bù ṣì ṣí. Glenda kò wá. Ó ní òun kò rí òfin tó ní kí òun máa ṣọ́ ẹni tí wọ́n ti dá dúró. Pásítọ̀ Lindqvist ló kọ́kọ́ yọjú, irun rẹ̀ ti ń wọ ọrùn aṣọ rẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀ mí, sà?" ni Demarius wí. Ó ti di bárakú.

"Mo mọ̀ ọ́ dáadáa. Demarius Fontenot ni ọ́, ọmọ Odile."

Demarius tú ìbòmú rẹ̀, ó fi í sápò. "Ẹ wọlé, sà. Ẹ wá jókòó."

Àjọ kò tíì ṣèpàdé lórí irun òkè ojú. Ilé ìtajà yunifásítì ṣì ń ta 74; wọ́n ní ó ń yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pàápàá ti ajá. Kóòṣì ti sọ fún àwọn oníròyìn pé ọ̀rọ̀ náà dun òun bíi bàbá. Ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ Odile á balẹ̀ ní Omaha, bí ọkọ̀ Colby náà bá débẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn, ìyá àti ọmọ á gun òkè lọ sí àga méjì tí Demarius fi ìyókù owó irun rà, torí ìyá ẹni tí wọ́n dá dúró kò ní àga ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ìrìn ni yóò ṣáájú. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aago mọ́kànlá ààbọ̀ òwúrọ̀, Demarius á wọ aṣọ funfun onígbàjámọ̀ rẹ̀, ìyá rẹ̀ á dì í lápá mú, wọ́n á rọra rìn nítorí ìbàdí, wọ́n á sì pe orúkọ rẹ̀ sínú gbogbo pápá náà, láìsí nọ́ńbà.